Ilẹ̀ Dúdú Tí Wọ́n Ní Eérú Òkú Ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín, nítorí ẹjọ́ ni èyí, kì í ṣe àlọ́. Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lọ sílé ìwé. Ó ní òun á bá mi tún un ṣe kó lè dùn ún kà. Mo ní rárá o, bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni kó kọ ọ́, pàápàá ibi tó bá ti bu èmi gan-an kù.

Ìdímù ni mò ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ọkọ mi kọ́ kó tó papò dà. Ìyá Kamẹrúùnù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ara ṣì le, ọdún méjìdínlógún ni èmi àti ọkọ mi fi gbé ní Kamẹrúùnù, ní ẹsẹ̀ òkè ńlá tó máa ń bi iná. Ọkọ mi ń ta aṣọ, èmi ń dá oko kókò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yìí ro ilẹ̀ ibẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ara ọmọ tí mo bí.

Òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tì mí lójú jù.

Mo ní ayálégbé kan, Délé, ọmọ Èkìtì, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ló fi ń kí mi, kì í ṣe ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n á kàn mi orí bí aláǹgbá. Mo mọ̀ pé ìwé gíga ló ń kà ní yunifásítì. Ìwé kí ni? Mi ò béèrè rí. Ọdún kan àtààbọ̀ ló ti ń gbé abẹ́ òrùlé mi, mi ò béèrè.

Lọ́jọ́ kan ó rìnrìn àjò, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó dé, àpò ìrẹsì mẹ́ta ló gbé wọlé, pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bíi ti irin tí káfíńtà fi ń dá ihò sí pákó. Mo ní káàbọ̀, mo ní ṣé kí àwọn ọmọ bá a gbé e wọlé. Kíá ló fò lé àwọn àpò náà. Ó ní rárá, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, wọn ò gbọ́dọ̀ dàpọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, títì ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà.

Kí ni kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ sá aṣọ lẹ́yìn ilé. Fèrèsé Délé ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mi ò yọjú o! Ojú mi ló wọlé. (Tóyìn ń rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ jàre.)

Mo rí i tó jókòó sídìí tábìlì. Ó to àwọn náílọ́nù kéékèèké síwájú, wọ́n á tó ogójì, nọ́mbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bu ìyẹ̀fun dúdú kan, kò ju ohun tí èékánná lè gbé lọ, ó fi lé orí bébà funfun pélébé. Ó fa omi nínú ìgò kékeré kan, omi tó mọ́ gaara, ó kán an lé e. Kò pẹ́ rárá tí bébà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀! Ó mi orí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó mú náílọ́nù mìíràn.

Mo ju aṣọ tó kù sílẹ̀. Nílùú Èkó yìí, tí kò sí ọjọ́ tí a kì í gbọ́ nípa àwọn tó ń fi èèyàn ṣe owó, ìyẹ̀fun dúdú, bébà tó ń di ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀kùn títì: kí lẹ fẹ́ kí arúgbó rò?

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kan ilẹ̀kùn. Ilé mi ni. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá, ẹni tọ́rọ̀ kàn kọ́ la máa ń bi léèrè, aládùúgbò rẹ̀ la máa ń bi. Mo sọdá títì, mo lọ bá Ìyá Rìsíkà aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí ilé mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo tilẹ̀ fi ìka ṣàpèjúwe bí ó ṣe kán omi náà. Mo wá ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní kí wọ́n má sọ, ṣebí ó ti fi ránṣẹ́ tán nìyẹn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ní àwọn ò rí ọmọ Kàmọ́rù. Ọlọ́kadà ni Kàmọ́rù, òpópónà kejì sí tiwa ló ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò ju ọdún mẹ́rin lọ. Ó ń ṣeré níwájú ilé láàárọ̀, ìyá rẹ̀ yíjú, kò rí i mọ́. Wọ́n wá a títí dé ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wo inú kànga, wọ́n fi igi ro inú gọ́tà. Kò sí.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyá Rìsíkà sọ fún ẹnìkan. Ẹnìkan sọ fún ẹni méjì. Kó tó di aago méjì, bébà pupa tí mo rí ti di agbárí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ igbe ọmọdé nínú yàrá Délé. Ta ló gbọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Inú kíṣìnì ni mo wà, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí géètì mi wó lulẹ̀. Wọn ò kàn án, wọn ò ṣí i, ó wó ni. Àwọn ọkùnrin tó tó ogún rọ́ wọlé, wọ́n ya lọ sí yàrá Délé, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ya. Mo gbọ́ tó kígbe lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìró igi lára èèyàn ni mò ń gbọ́. Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ irú ìró yẹn.

Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ jáde, orí rẹ̀ ń lu àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀ ọ̀tún. Àwọn kan gbé àwọn àpò rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n dà wọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Náílọ́nù ń bẹ́, ìyẹ̀fun dúdú ń fò lọ sókè, ó ń bọ́ sórí ọgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n wá ń ṣe ìdájọ́. Ọ̀kan gbé náílọ́nù kan wọ̀n lọ́wọ́, ó ní ẹ wò ó bó ṣe fúyẹ́, ilẹ̀ wo ló fúyẹ́ báyìí, eérú òkú ni! Òmíràn fi omi gọ́tà pò ó, ó ń rà á láàárín ìka, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ bí ilá, ó ní ọ̀rá èèyàn nìyí. Wọ́n rí òkúta dúdú kan tí ihò wà lára rẹ̀ káàkiri bíi búrẹ́dì, wọ́n ní egungun orí tí wọ́n ti yan ni. Kò sí ohun tó wà nínú àwọn àpò yẹn tí kò jẹ́rìí lòdì sí ọmọ ọlọ́mọ.

Délé ń sọ̀rọ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ó ní ilẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ni, ìwé rẹ̀ ni mò ń kà. Ẹnìkan fi bàtà gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀.

Kàmọ́rù ló mú ọ̀pá irin náà. Ó dúró lé e lórí, ó ń mí bí ẹni tó sáré láti Ìkọ̀tún dé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi í.

"Ọmọ mi dà?"

Délé ní òun ò mọ ọmọ kankan. Kàmọ́rù sọ irin yẹn kalẹ̀ lé apá rẹ̀ òsì. Gbogbo wa la gbọ́ bí egungun ṣe dá, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ igi gbígbẹ fún ìdáná.

Mo ti jáde nígbà yẹn. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mi ò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ẹnu mi ló lọ pe àwọn èèyàn yìí wá. Mò ń pariwo pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ láàárín wọn. Wọ́n ti gbé táyà dé. Ẹnìkan ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò. Àwa tí a ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́, tí a mọ ohun tí iná páìpù epo tó bú fojú àwọn ará Ìjẹ̀gùn rí, ṣé ó yẹ kí òórùn yẹn kan imú wa ká má sá? Àwọn ọmọ yẹn ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i dáadáa ni.

Mo fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ẹnìkan fi ìgúnpá tì mí. Mo ṣubú, ọwọ́ mi méjèèjì sì balẹ̀ sínú ìyẹ̀fun dúdú tí omi gọ́tà ti pò.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí orí mi tó mọ̀ ọ́n.

Mo di í mú, ó le díẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, omi tú jáde nínú rẹ̀, ó ń yọ̀. Mo dá ọwọ́ dúró, ó tún dì padà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lábẹ́ ọ̀run tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá onílé wa ní Kamẹrúùnù ló kọ́ mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ tí mò ń bẹ̀rù láti gbin nǹkan sínú ilẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní òkè ló bì í. Iná inú òkè á tu eérú sókè, eérú á balẹ̀, òjò á máa rọ̀ lé e, koríko á máa kú sínú rẹ̀, títí yóò fi di ilẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí eérú yẹn lọ́dún kan, ó rọ̀ sórí páànù wa bí òjò tí kò ní omi, àwọn adìyẹ funfun mi di dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá yẹn kò mọ̀wé bí èmi náà, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Eérú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, hóró hóró ni, bíi gààrí tí wọn ò kù, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ ni ilẹ̀ dúdú gan-an: ó rọ̀ bí òwú, ó ń mu omi bí ọ̀mùtí, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù, ẹ máa rò pé òfìfo ni. Èyí tó ti darúgbó ti pọ́n, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Òkúta dúdú tó ti yọ́ rí nínú iná ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ilẹ̀ dúdú yẹn láhun ṣá! Ajílẹ̀ tí ẹ bá rà sí i, ńṣe ló máa dì í mú, kókò ò ní rí i jẹ, àfi kí ẹ fi ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran tù ú lójú. Tó bá wá yọ́nú sí yín, kókò á ta tó orí ọmọdé.

Ilẹ̀ tí mo fi bọ́ ọmọ mẹ́ta ni mo gbé lọ fún aránṣọ, mo pè é ní ẹ̀jẹ̀.

Mo kígbe pé ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni, pé mo ti ro ó rí. Ẹnìkan ní àbí Màmá náà wà nínú ẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n ti fi táyà sí Délé lọ́rùn. Kàmọ́rù ti gba kẹ́ẹ̀gì, ó ti ṣí ìdérí.

Ó ní, "Màmá, ẹ dìde níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí iná kàn yín."

Mi ò dìde. Mo wọ́ ìdí lọ sí ẹ̀gbẹ́ Délé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ yẹn, omi gọ́tà àti gbogbo rẹ̀, mo jù ú sẹ́nu, mo gbé e mì. Mo bu èkejì.

Mo ní, "Bó bá jẹ́ òkú èèyàn ni mo jẹ yìí, ẹ dúró kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa pa mí. Ẹ má dáná sun ún kẹ́ ẹ tó rí òpin tèmi."

Ẹ má pè mí ní akíkanjú o. Mo ti tọ̀ sára. (Tóyìn, mo ní kọ ọ́.) Ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Wọ́n gbà lóòótọ́ pé eérú òkú ni, nítorí náà wọ́n gbà pé màá ya wèrè, tàbí kí n ṣubú kú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ìran yẹn fo òun dá. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Àwọn kan gbé fóònù sókè. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní Màmá, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èèyàn kan ń kú lọ níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín!

Àárín ìdúró yẹn ni Bàbá Kànga fi dé. Lámídì lorúkọ rẹ̀, àgbà ni, òun ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú kànga tó wà láti ọ̀dọ̀ wa dé Bárúwà. Kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró yẹn ló ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lóṣòó, ó bu nínú ilẹ̀ dúdú náà, ó rà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní òun ò bá irú ilẹ̀ yìí pàdé nínú kànga kankan rí. Inú àwọn kan ti ń dùn. Ó wá fi ìka méjì fa nǹkan kan jáde nínú rẹ̀, gbòǹgbò koríko, tín-ín-rín bí irun. Ó nà án sí Kàmọ́rù lójú. Ó ní èyí tí òun ò tún tíì rí rí ni eérú òkú tí koríko ta gbòǹgbò sínú rẹ̀.

Ó ní òun máa bi àwa méjèèjì léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tẹ̀ ba lórí Délé, ó gbé etí lé e lẹ́nu. Ó bi í pé bí òun bá gbẹ́ kànga níbi tó ti bu ilẹ̀ yìí, kí lòun máa kọ́kọ́ bá, kí ló máa tẹ̀ lé e, títí dé ìsàlẹ̀. Délé sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń dà sí etí bàbá náà. Nígbà tó dìde, kò nu ún. Ó kọjú sí mi.

"Ìyá Kamẹrúùnù, dáhùn kí gbogbo ayé gbọ́. Kí ni mo máa bá?"

Mo ní dúdú tó fúyẹ́ ló máa kọ́kọ́ bá, ó lè tó orúnkún rẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ á wá di ti kòkó gbígbẹ, á ṣì máa yọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òkúta tó ti jẹrà, tó ṣe é fi èékánná họ. Lábẹ́ rẹ̀, òkúta dúdú, kó máa gbé dígà rẹ̀ lọ sílé, torí kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Bàbá Kànga yíjú sí wọn. Ó ní, "Bí ọmọ yìí ṣe tò ó fún mi nìyẹn. Dúdú, kòkó, òkúta jíjẹrà, òkúta líle. Ilẹ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ aráyé. Ẹ ń pa èèyàn nítorí ilẹ̀."

Ẹnìkan ní ṣé kò hàn pé àwa méjèèjì jọ ń ṣe é ni. Bàbá Kànga wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní omi kànga ìyá yìí lo fi wẹ̀ láàárọ̀, o wá ń pè é ní apààyàn, kọ́kọ́ lọ da omi rẹ̀ padà ná. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí yàtọ̀. Mo rí i tí àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Ọ̀kan ju igi ọwọ́ rẹ̀ sínú gọ́tà bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Kàmọ́rù nìkan ni kò mira. Epo ń kán sórí bàtà rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò rí ìkà níbẹ̀. Ojú ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà ni.

Mo ní, "Kàmọ́rù ọmọ mi, tó o bá sun ún, ṣé ìyẹn ló máa gbé ọmọ rẹ wálé?"

Ó pẹ́ gan-an kó tó fi ìdérí dé kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ó jókòó sétí gọ́tà, ó káwọ́ lérí, ó ní kí lòun fẹ́ lọ sọ fún ìyá ọmọ òun.

Ó yẹ kí n sọ níbẹ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀rù táyà yẹn bà mí. Mi ò sọ.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ márúwá gbé Délé lọ sí ọsibítù, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ Kàmọ́rù wálé. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló mú un lọ dirun ní Bárúwà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú irun tuntun, ó ń jẹ bisikíìtì. Lọ́jọ́ kejì Kàmọ́rù gbé e wá sí ọsibítù, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Délé yí ojú sí ògiri.

Apá rẹ̀ dá sí méjì. Etí rẹ̀ òsì ò gbọ́rọ̀ mọ́ títí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi í pé ìwé wo ló ń kà. Ẹnu rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn. Ó ní òun lọ sí ẹsẹ̀ òkè iná yẹn láti mọ oríṣi ilẹ̀ tó wà lórí òkúta rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ lè mọ èyí tó máa gba ajílẹ̀ àti èyí tó máa gbé e mì. Omi inú ìgò yẹn, oògùn àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ni. Tó bá kan ilẹ̀ tó ti ara eérú òkè wá, bébà náà á pọ́n, tó bá jẹ́ ilẹ̀ mìíràn, kò ní pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Mo bi í pé kí wá lorúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fún un. Ó ní Àndósọ̀ọ̀lù, pé èdè Jàpáànù ni wọ́n ti yọ ọ́, ilẹ̀ dúdú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìwé ayé yẹn, ilẹ̀ dúdú náà ni wọ́n padà sí!

Mo ní ká lọ ṣa àwọn náílọ́nù rẹ̀ tó kù. Ó ní kò wúlò mọ́, Màmá. Tòkè ti dàpọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yà á mọ́.

Ìyá rẹ̀ dé láti Èkìtì, olùkọ́ ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ nínú ilé mi, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Èmi, Ìyá Rìsíkà àti Bàbá Kànga la wà níbẹ̀. Ó ní òun ò pe ọlọ́pàá, òun ò fẹ́ gbẹ̀san. Ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ mọ̀ kóun tó lọ: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?

Ìyá Rìsíkà wo ilẹ̀. Kò wo èmi, Ọlọ́run bù kún un, ilẹ̀ ló wò. Mo lè dákẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí nígbà yẹn pé mo jẹ ilẹ̀ láti gba ẹ̀mí là.

Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Mo ní, "Èmi ni. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i. Mi ò bi í, mo lọ sọ ọ́ síta."

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú báàgì, kó tó wò mí.

Ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ̀yin lẹ dá iná yìí, ẹ̀yin náà lẹ pa á. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbé lọ sọ fún bàbá rẹ̀."

Ó fa síìpù báàgì. Wọ́n lọ. Mi ò tíì gbọ́ ohùn Délé láti ìgbà yẹn, mi ò sì bínú sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ohun tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ohun tó bá rú yín lójú nípa èèyàn, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹni náà. Kí ẹ béèrè kó dà bí àyọjúràn sàn ju kí ẹ sọ ọ́ síta kó di igi lára ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ ilẹ̀ yẹn ju gbogbo ará Ìdímù lọ, síbẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ ṣì í pè, torí pé ọ̀nà jíjìn ni mo dúró sí tí mo fi ń wò ó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnu yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnìkan rí? Àbí ẹnu ẹlòmíì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Tóyìn á kà á sí mi létí, gbogbo rẹ̀, kódà tí èébú bá wà níbẹ̀.